Asẹ́ Ògì Ni Kíndìnrín

Oúnjẹ ni mo ń sè tà n'Ìbàdàn. Lọ́dún 2016, àwọn nọ́ọ̀sì kan pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tó bá fẹ́. Wọ́n wọn tèmi lẹ́ẹ̀mejì: 168/104, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, 164/102. Mo rẹ́rìn-ín. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ru àpò gàrí kan wọlé tán ni. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló ń ṣe ségesège. Títí dòní ni mo ń san gbèsè ẹ̀rín yẹn: ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín mi jẹ́.

Kì í ṣe bí ìyà ṣe jẹ mí tó ni mo fẹ́ kọ síbí. Àwọn òǹkà tí mi ò mọ̀ ọ́n kà, oògùn tí mo dá dúró nígbà tí kò yẹ, àti iyọ̀ inú ìkòkò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ká ní ẹnì kan jókòó sọ ọ́ fún mi nígbà náà, bóyá màá gbọ́, bóyá mi ò ní gbọ́.

Amlodipine 10 mg ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi, hóró kan lójúmọ́. Kò tó oṣù kan tí ọrùn ẹsẹ̀ mi fi wú, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bàtà kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ rí pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ lẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ni mo bá gbà pé oògùn yìí ló fẹ́ bà á jẹ́. Mo jù ú nù. Mi ò bi nọ́ọ̀sì, mi ò bi oníkẹ́míìsì. Lóòótọ́, amlodipine a máa mú ẹsẹ̀ wú, àmọ́ kì í ṣe kíndìnrín ló ń bá jà. Ó ń dẹ àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, omi á wá máa jò lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù. 10 mg ń fà á ju 5 mg lọ. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, kó padà lọ bá ẹni tó kọ oògùn náà: wọ́n lè dín in kù sí 5 mg, kí wọ́n fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Wíwú ti kíndìnrín yàtọ̀. Ojú ló sábà ń wú láàárọ̀, ìpéǹpéjú á rí bíi ti ẹni tó sunkún sùn, ìtọ̀ á sì máa hó bí omi ọṣẹ tí kò tètè rọlẹ̀. Tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ náà á wá dá sí i.

Àṣìṣe kejì, ìrora orúnkún ló fà á. Ẹni tó bá ń dúró nídìí iná láti aago 4 ìdájí mọ ohun tí mò ń sọ. Díkló (diclofenac, oògùn ìrora) 50 mg, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó lé ní ọdún 2 tí mo fi lò ó. Oníkẹ́míìsì kò béèrè ìwé, èmi náà kò sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Diclofenac, ibuprofen, piroxicam, ọmọ ìyá ni wọ́n: wọ́n ń fún ojú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín pọ̀, wọ́n ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ru sí i. Èyí tó léwu jù ni kéèyàn máa lo lisinopril tàbí losartan tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kó tún máa lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kó wá fi díkló lé wọn lórí. Àwọn mẹ́ta yìí nínú ara kan ṣoṣo lè dá kíndìnrín dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá tí onítọ̀hún bá ń ṣu gbuuru. Ní báyìí, paracetamol 500 mg ni mò ń lò, hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ kọjá 8 láàárín wákàtí 24. Kò mú ìrora lọ bíi díkló, mi ò ní purọ́.

Mo mu àgbo náà. Mi ò ní bú àgbo, òun ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìgò tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ẹni tó ń tà á kò lè sọ iye ewé tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ iye ògógóró tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Kíndìnrín tó le lè gbé e pamọ́ra. Tèmi kò le mọ́, mi ò sì mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó yí padà lára mi láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ni pé mò ń jí tọ̀ lóru, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà míì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ní ọjọ́ orí ni. Kíndìnrín tó dára a máa fún omi inú ìtọ̀ pọ̀ lóru kí èèyàn lè sùn. Èyí tó ti ń rẹ̀ kò lè ṣe é mọ́, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi máa ń pọ̀, tí á sì mọ́ bí omi. Ẹni tó bá ń jí bẹ́ẹ̀, tí kò sì mu omi púpọ̀ kó tó sùn, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ìtọ̀ ṣúgà lè fà á náà.

Lọ́dún 2019, ojú mi ṣú, mi ò lè mí dáadáa tí mo bá dùbúlẹ̀. 212/124. Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù. Inú bí mi nígbà náà pé wọn ò tètè já a wálẹ̀ sí 120/80 lọ́jọ́ kan náà. Mo ti wá mọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ọpọlọ tó ti mọ́ ọn lára kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n bá já a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ tó, rọpárọsẹ̀ lè tìdí ẹ̀ wá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dín kù, ìyókù á wá máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò mi nìyí: creatinine 168 µmol/L, eGFR 33, purotéènì inú ìtọ̀ ++. Creatinine ni ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dà nù, tó bá ga, sísẹ́ ti falẹ̀ nìyẹn. Lábù míì a máa fi mg/dL kọ ọ́. Kí ẹ pín òǹkà µmol/L sí 88.4, á di mg/dL, tèmi jẹ́ 1.9. eGFR ló ń sọ iye tí kíndìnrín ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń fi creatinine, ọjọ́ orí àti bóyá èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ṣírò rẹ̀. 90 sókè ló dára. Tó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, kíndìnrín ti ń ṣàìsàn. Tó bá ti wọ abẹ́ 15, ọ̀rọ̀ fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis) dé. Ẹni ọdún 25 àti ẹni ọdún 70 lè ní creatinine kan náà, kí kíndìnrín wọn má sì dọ́gba rárá, nítorí náà ẹ má fi creatinine nìkan tẹ́ra yín lọ́rùn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á? Wọ́n wo ṣúgà, wọ́n wo HIV àti Hepatitis B, kò sí. Dókítà ojú wo ẹ̀yìn ẹyinjú mi, ó rí i pé àwọn iṣan ibẹ̀ ti há. Àyẹ̀wò ọkàn fi hàn pé ògiri ọkàn ti nípọn. Skáànù ní kíndìnrín kan gùn tó 8.6 cm, èkejì 8.4. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 10 sí 12. Dókítà ní, "Mà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀." Kíndìnrín tó ti sún kì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ni ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ tíntìntín tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1, ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló sì ń gba inú méjèèjì kọjá. Tí a bá ń rọra da ògì lé aṣọ asẹ́, aṣọ á pẹ́. Tí a bá ń dà á gbìì-gbìì, aṣọ á ya, eérí á bá omi jáde. Eérí yẹn ni purotéènì tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ mi. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí asẹ́ náà kò dákẹ́: ògiri wọn á nípọn, ojú wọn á há, asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ á gbẹ, á di àpá. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó á wá rò pé ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní gbogbo ara, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ renin jáde láti gbé e sókè. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ ìdílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 2010 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé jíìnì kan, APOL1, ní oríṣi méjì, G1 àti G2, tó wọ́pọ̀ lára àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wa, Yorùbá sì wà lára àwọn tó ti pọ̀. Ó jọ pé àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀ láyé àtijọ́, torí ó ń dáàbò bo ẹni tó ní in. Àmọ́ ẹni tó bá jogún ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ewu àìsàn kíndìnrín rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣàìsàn. Ohun tí à ń pè ní kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ríru bàjẹ́ lára ẹlòmíì nínú wa, jíìnì yìí lè ti ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí mo gbọ́, mo kó àwọn àbúrò mi mẹ́ta lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan wà ní 158/98. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo dé ibi àṣìṣe tó dùn mí jù báyìí, torí pé mo ti gbọ́n díẹ̀ nígbà tí mo ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lisinopril 5 mg fún mi, wọ́n ní kí n padà ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Mo gba ìwé lábù, mo kà á fúnra mi nínú mọ́tò: creatinine ti kúrò ní 168, ó ti di 195. Mi ò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo lọ sílé, mo da lisinopril nù, oṣù 4 gbáko ni mi ò padà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Lisinopril ń dẹ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú asẹ́, ìfúnpá inú asẹ́ á rọlẹ̀. Tí a bá dín agbára tí a fi ń da ògì kù, sísẹ́ á falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kò ní ya. Falẹ̀ yẹn ni creatinine ń fi hàn. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ni pé tí kò bá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kì í dá oògùn dúró. Ìdá 30 nínú 168 jẹ́ 50, ìyẹn ni pé mo ṣì lè dé 218. 195 mi kò tó nǹkan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá ìdí: ṣé omi ti gbẹ lára ni, ṣé díkló ni, tàbí iṣan ńlá tó ń lọ sí kíndìnrín ló há? Pọtásíọ̀mù, èròjà kan tó ń ti inú oúnjẹ wọ ẹ̀jẹ̀, ni òǹkà kejì tí wọ́n ń wò. Tó bá ti kọjá 5.5, wọ́n á gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí, torí ó lè da lílù ọkàn rú. Ìwádìí AASK tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú 1,094 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa kíndìnrín wọn lára fi ramipril, tó jẹ́ ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú lisinopril, wé amlodipine àti metoprolol. Ramipril ló dáàbò bo kíndìnrín jù. Amlodipine ṣì wúlò láti mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, mo ti padà sórí rẹ̀, 5 mg.

Lisinopril fa ikọ́ gbígbẹ fún mi nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi losartan rọ́pò rẹ̀. Ikọ́ kì í ṣe pàjáwìrì. Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí onítọ̀hún má sì fọwọ́ kan oògùn yẹn mọ́. Aboyún àti ẹni tó fẹ́ lóyún kò gbọdọ̀ lo lisinopril tàbí losartan, ó ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Kí wọ́n tètè sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá ń bì tàbí tí mo ń ṣu gbuuru, mo máa ń dá losartan àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ dúró títí màá fi jẹun mumi dáadáa fún wákàtí 24 sí 48, bí dókítà mi ṣe ní kí n ṣe é. Ẹ bi tiyín kí àìsàn tó dé, kì í ṣe lóru tí gbuuru bá bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ 3 náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún pásítọ̀ wa pé omi á wà nínú ààwẹ̀ tèmi, kò sì bá mi jà.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ni ohun tó dára jù tí mo fi owó rà. Ti apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ọ̀já rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá apá mu: apá mi tó 36 cm yíká, ọ̀já kékeré tí mo kọ́kọ́ lò ń fún mi ní òǹkà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń tọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n. Mi ò ní mu kọfí tàbí tíì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Màá jókòó ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gun èkejì, apá lórí tábìlì kó bá àyà dọ́gba, ọ̀já lórí awọ ara, kì í ṣe lórí aṣọ. Mi ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹni tó bá fẹ́ ra oúnjẹ kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màá wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan láàárín. Tí ọjọ́ àti rí dókítà bá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ń ṣe é láàárọ̀ kí n tó lo oògùn, àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí ojú ń tì mí fún. Wọ́n á yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, wọ́n á wá ìpíndọ́gba ìyókù. Abẹ́ 130/80 ni wọ́n ní kí n wà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lo oògùn dáadáa fún ọjọ́ 3 kí n tó lọ rí dókítà, kí òǹkà lè dùn ún wò. Ara mi ni mò ń tàn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wá kàn mí gan-an nítorí iṣẹ́ mi. 5 g lójúmọ́ fún ẹnì kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá, ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, gbogbo iyọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, iyọ̀ inú búrẹ́dì àti inú mágí pẹ̀lú. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí. Mo máa ń fi mágí 6 sí ọbẹ̀ tí èèyàn 5 máa jẹ, màá tún bu iyọ̀ lé e, mo tún lo irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí. Káún tí mo ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ló kún inú òun náà, àwa olóúnjẹ kì í kà á mọ́ iyọ̀. Mo fi ìjábẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún ewédú. Ẹ̀wà, mò ń rẹ ẹ́ mọ́jú. Irú tí kò níyọ̀, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ẹfinrin àti ata ló ń gbé ọbẹ̀ mi dìde báyìí. Ọ̀sẹ̀ 3 ni ó gba ahọ́n mi kó tó gbà. Àwọn oníbàárà tèmi kò gbà títí dòní, ìkòkò méjì ni mò ń sè. Ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru: pọtásíọ̀mù ni wọ́n fi ń rọ́pò sódíọ̀mù nínú púpọ̀ nínú wọn, ó lè pa ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀.

Pọtásíọ̀mù mi gun 5.6 nígbà kan. Omi àgbọn ni, mò ń mu ún lójoojúmọ́ torí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, tòmátì inú agolo àti iṣu náà ní in. Ẹni tí tirẹ̀ kò ga kò nílò láti sá fún èso. Ẹni tí tirẹ̀ ga, kó bó iṣu, kó gé e wẹ́wẹ́, kó sè é nínú omi púpọ̀, kó da omi náà nù. Ọ̀rọ̀ "mumi dáadáa kó fọ kíndìnrín" náà, òùngbẹ ni mò ń tẹ̀ lé, torí ẹni tí ara rẹ̀ ń wú lè fi omi àmujù pa ara rẹ̀ lára.

Ẹni ọdún 51 ni mí, eGFR mi jẹ́ 28. Láti 33, láàárín ọdún 6, kò burú. Tó bá ti wà lábẹ́ 30, ó yẹ kéèyàn ti máa bá dókítà kíndìnrín sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń bọ̀. Fífọ ẹ̀jẹ̀ lójú ìlànà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ń ṣe ẹ̀ẹ̀kan, owó ló fà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan yóò máa gba ₦12,000 dípò ₦50,000 fún ẹ̀ẹ̀kan, UCH Ìbàdàn, LUTH, FMC Abẹ́òkúta àti ti Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta wà lára wọn. Ẹ bèèrè níbẹ̀ kí ẹ tó ta ilẹ̀. Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B, torí ó dára kéèyàn gbà á kó tó dé ìdí ẹ̀rọ.

Iṣan apá ni wọ́n ń so pọ̀ fún ẹ̀rọ náà, ó sì lè gba oṣù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó. Iṣan tí wọ́n bá ti gún ní àgúndọ̀gbẹ́ kì í sábà dára fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń ro ọkà, nítorí náà apá òsì ni a fi pamọ́. Tí mo bá dé lábù, tí ọmọ ibẹ̀ bá ti ń so rọ́bà mọ́ apá òsì mi, màá fà á kúrò, màá na ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún sí i. Wọ́n máa ń ní iṣan ibẹ̀ kéré, ó máa dùn mí. Mo ní kí wọ́n máa gún un lọ.